Iná Tí Kò Jẹ́ Kí Ìyá Mi Kúrò ní Ìbà

Kò tíì sí ẹni tó dáná ládùúgbò wa ní Ìlaròó nígbà tí mo ti mọ́tò mi jáde nínú ọgbà lọ́jọ́ Ẹtì yẹn. Títì ni mo tì í lóòótọ́. N kò fẹ́ kí ariwo ẹ́ńjìnnì jí àwọn ará ilé kejì, nítorí wọ́n ti ń bá mi kẹ́dùn lórí ọ̀rọ̀ mọ́tò yìí láti bí oṣù mẹ́ta, ojú sì ti ń tì mí láti máa gba "ẹ kú ìrọ́jú" lórí ohun tí kò kú. Ìyàwó mi dúró sẹ́nu géètì pẹ̀lú àtùpà. Ó ní kí n bá òun kí Ìyá, kí n má sì dá nìkan pa dà wálé lọ́tẹ̀ yìí, nítorí òun ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Ìgbà kẹta tó máa tẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń lé mi jáde. Ìlaròó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ tísà, ṣùgbọ́n ọmọ Ìbà ni mí, lẹ́bàá Ọ̀jọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ilé tí bàbá mi kọ́ síbẹ̀ ni ìyá mi ń gbé láti ìgbà tí bàbá ti kú, tàwọn tayálégbé mẹ́rin. Nígbà òjò tó kọjá, Ìyá yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, ilẹ̀ ni wọ́n sì wà títí ayálégbé kan fi ti ibi iṣẹ́ dé. Egungun kankan kò ṣẹ́, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni oorun kò ti dùn mọ́ èmi àti ìyàwó mi. Bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn wa láàárọ̀ kùtù, àyà wa a já, a ó rò pé wọ́n ti Ìbà ránṣẹ́ wá ni. A ní kí Ìyá máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa, kí wọ́n wá máa gbé pẹ̀lú wa pátápátá. Wọ́n ní, "A ó máa wò ó." Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ní Yorùbá níléèwé, mo túmọ̀ rẹ̀ sí "bẹ́ẹ̀ ni".

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ gbé wọn, ìdájí la jáde. A kò tíì dé Ìyànà Ìbà tí iná kékeré kan fi tàn lára dáṣíbọ́ọ̀dù níwájú mi, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ọsàn tó pọ́n. Ìyá bi mí pé kí ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Mo kà á fún wọn pé ó ní kí a yẹ ẹ́ńjìnnì wò. Wọ́n ní mọ́tò tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé kí wọ́n yẹ òun wò, a kì í bá a rìn jìnnà. A pa dà. Nígbà tí oòrùn yọ tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, iná ti kú, mẹkáníìkì sì wò mí bí ẹni tó ń wo ẹni tí ara rẹ̀ kò yá.

Ìgbà kejì, Súlè tó ń bá mi tún mọ́tò ṣe ní Ìlaròó ti dọ́gbọ́n sí i. Ó gé téèpù dúdú bíńtín, ó fi lẹ iná náà lójú, ó ní Ìyá kò ní mọ̀. Ìyá jókòó síwájú fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n na ọwọ́, wọ́n fi èékánná hú téèpù náà kúrò. Iná wà lábẹ́ rẹ̀, ó ń tàn roro. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò láìgbé ẹrù wọn. N kò ní kọ ohun tí wọ́n sọ nípa Súlè síbí, àti ohun tí wọ́n sọ nípa ọmọ tí wọ́n rán níléèwé títí ó fi di tísà tó ń di iná lójú.

Ìdí nìyẹn tí mo fi pinnu lọ́tẹ̀ kẹta pé Ìbà gan-an ni mo ti máa wá ìdí iná náà, kí Ìyá tó fi ẹsẹ̀ kan inú mọ́tò. Tòkunbọ̀ ni mọ́tò ọ̀hún, láti Kútọnu ló ti wọlé, ó sì ti dàgbà díẹ̀ kó tó di tèmi. N kò ní dárúkọ àwọn tó ṣe é, nítorí wọn kò mọ ọwọ́ mẹsẹ̀ nínú ọ̀ràn yìí.

Ọyẹ́ mú gan-an láàárọ̀ ọjọ́ náà. Afẹ́fẹ́ gba ojú fèrèsé wọlé bíi pé wọ́n da omi tútù sí mi lára, mo sì wa mọ́tò nínú súwẹ́tà bí aláìsàn. N kò tíì dé Owódé tí iná fi tàn. Mo kí i. Ẹni tó bá ti ń bá nǹkan jà fún oṣù mẹ́ta, ó ti di ojúlùmọ̀ rẹ̀. Ní Owódé, mo yà ra àkàrà márùn-ún pẹ̀lú ẹ̀kọ gbígbóná. Náírà méjì ni wọ́n ń ta àkàrà kan, bẹ́ẹ̀ a kì í ra tiwa ní Ìlaròó tó bẹ́ẹ̀. Mo ti la ẹnu láti jà kí n tó rí i pé ó tóbi ju tiwa lọ. Mo san owó mi jẹ́ẹ́. Epo jẹ́ náírà mọ́kànlá fún lítà kan, mo sì rọ púpọ̀, nítorí mọ́tò náà ti ń mu epo bí ẹni tó jáde nínú ààwẹ̀. Mo rò pé ogbó ló ń ṣe é.

Láàárín Owódé sí Àtàn, àwọn oníṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ mọ́tò wò gbé igi dínà. Ọ̀kan nínú wọn tan tọ́ọ̀ṣì sí mi lójú, ó tàn án sí dáṣíbọ́ọ̀dù, ó rí iná. Ó bi mí pé ṣé mo mọ̀ pé mọ́tò mi ń pè mí. Mo ní mo mọ̀, pé mò ń jẹ́ ẹ láti oṣù mẹ́ta. Ó rẹ́rìn-ín, kò wo ìwé kankan, ó ní kí n máa lọ, wàhálà tí mo ní tó mi. Àánú rẹ̀ dùn mọ́ mi, ó sì dùn mí pẹ̀lú.

Láti Àtàn mo yà sí ọ̀nà Lúṣàdá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kò tíì gba ọ̀nà yẹn rí, ẹ máa dúpẹ́. Kòtò ibẹ̀ ju títì lọ, àwọn awakọ̀ a sì máa fi apá júwe fún ara wọn ibi tí kòtò tuntun wà. Ní ọ̀nà tiwa, ẹni tó bá ń bọ̀ níwájú a kàn tan iná mọ́tò sí ọ kó o kúrò lọ́nà. Ti Lúṣàdá ṣe èèyàn jù. Nígbà tí mo bọ́ sí Agbára, òórùn ilé iṣẹ́ ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀, lẹ́yìn náà ni mo dé orí títì ńlá tó ti Àgbádárìgì wá. Mo tẹ mọ́tò lórí rẹ̀ dáadáa. Iná kò kú. Mo kọjá Ìjànikin àti Ọ̀tọ̀-Àwórì, níbi tí àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ tísà ti ń sọdá títì pẹ̀lú ìwé lábíyá, ojú wọn ń dán nítorí wọn kò tíì gba owó oṣù tísà rí. Iná ṣì wà.

Òkókómáíkò ni oòrùn ti bá mi. Ọjà ti gba ojú títì, mọ́tò ń fà díẹ̀díẹ̀, ooru bẹ̀rẹ̀ sí í mú, mo bọ́ súwẹ́tà. Nígbà tí mo fi máa wo dáṣíbọ́ọ̀dù, iná ti kú. Mo rí i pé ó kú. Mo kàn ṣépè fún un ni, n kò ronú sí i. Iná tó máa ń sá fún ẹlẹ́rìí, mo gbà pé ìwà rẹ̀ nìyẹn.

Mo yà sí ẹ̀gbẹ́ títì níbi tí àwọn oníṣẹ́ mọ́tò pọ̀ sí, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ní Ìlaròó, bí o bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì lójú ọ̀nà, àwọn èèyàn a dúró kí ọ pé o kú ewu, wọ́n a sì bá tiwọn lọ. Ní Òkókómáíkò, kò sí ẹni tó kí mi. Ọkùnrin mẹ́fà ló yọ láìpè, oníkálukú ló mọ ohun tó ń ṣe mọ́tò, kò sì sí méjì tí ọ̀rọ̀ wọn jọra. Ẹni tó ń ta ẹran tó rà lọ́jà Alaba Rago lórí kẹ̀kẹ́ ní epo tí mo rà ni wọ́n ti bu omi sí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nínú àwọn mẹ́fà náà, oníṣẹ́ gidi méjì wà níbẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ríwáyà, ìyẹn ẹni tó ń tún wáyà àti iná mọ́tò ṣe. Ìkejì jẹ́ mẹkáníìkì, ẹni tó ni ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, ẹnìkan kì í ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Ríwáyà wò ó, ó ní òótọ́ ni pé iná ló ń tàn, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ni wọ́n kọ sára iná, nítorí náà ti mẹkáníìkì ni. Mẹkáníìkì ní òótọ́ ni pé ẹ́ńjìnnì ni wọ́n kọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ́ńjìnnì ló ń tàn, nítorí náà ti ríwáyà ni. Wọ́n bá ara wọn fà á bí àwọn ọmọ ìyá méjì tó ń ti àgbà wọn síra wọn lọ́wọ́. Mo pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, mo kọrí sí Ìbà.

Ẹnu ìjà ni mo ti bá Ìyá. Ayálégbé kan ló da omi ọṣẹ sí ibi tí kò yẹ, Ìyá sì ń fi Àwórì pọ́ńbélé ṣàlàyé fún un bí ìran rẹ̀ ṣe rí. Bí wọ́n ṣe rí mi, ojú wọn tú ká. Wọ́n gbá mi mú, wọ́n ní mo ti gbẹ, wọ́n sì gbé oúnjẹ kalẹ̀ kí n tó dọ̀bálẹ̀ tán. Mo sọ ohun tí mo wá ṣe. Mo ní mo fẹ́ mẹkáníìkì tó mọṣẹ́, ṣé wọ́n mọ ẹnìkan nítòsí. Wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n ní kí n lọ bá Hùnsù, Ẹ̀gùn kan tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ilé. Wọ́n ní àgbà ni, kì í kánjú, mọ́tò kan ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Ó yẹ kí n ti fura sí irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá Hùnsù jókòó sórí táyà, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà. "Kúàbọ̀," ni wọ́n fi kí mi. "Káàbọ̀" ni lédè Ẹ̀gùn, n kò sì nílò ògbufọ̀. Mo rò pé wọ́n á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Wọn kò dìde. Wọ́n ní kí n jókòó sórí táyà kejì, kí n sọ fún wọn bí iná náà ṣe ń tàn. Mo ní ó ń tàn, ó ń kú, bó ṣe wù ú ni. Wọ́n ní kò sí ohun tó ń ṣe bó ṣe wù ú nínú mọ́tò, àfi awakọ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí. Ṣé àárọ̀ ló máa ń tàn ni àbí ọ̀sán? Àárọ̀. Bí mo bá ń sáré ni àbí bí mo bá ń fà? Bí mo bá ń sáré. Ṣé ó ti tàn rí nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ lọ́sàn-án gangan? Rárá. Nígbà òjò ńkọ́? Bẹ́ẹ̀ ni, ó máa ń tàn. Ṣé ó ń mu epo jù? Mo ní ogbó ni. Wọ́n ní kì í ṣe ogbó. Ìbéèrè mẹ́wàá ni mo dáhùn, mo sì ń rí i bí mo ṣe ń dáhùn wọn pé ìgbàkígbà tí ara mọ́tò bá tutù ni iná ń tàn, bó bá sì ti gbóná, iná á kú. Oṣù mẹ́ta ni mo ti ń wò ó láìrí i.

Wọ́n ní kí a jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátá. A dúró fún wákàtí mélòó kan. Kò sí ohun tí a ṣe ju ẹ̀pà jíjẹ lọ. Mo wá mọ ìdí tí mọ́tò fi ń pẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tó tutù, wọ́n ní kí n tan ẹ́ńjìnnì. Wọ́n fi ọwọ́ di rọ́bà omi tó ti orí ẹ́ńjìnnì lọ sí rádíétọ̀ mú, wọ́n dì í mú bí dókítà ṣe ń di ọwọ́ aláìsàn mú. Lójú ẹsẹ̀, wọ́n wò mí.

"Tísà," ni wọ́n wí, "omi ti ń lọ. Ẹ́ńjìnnì ò tíì gbóná, omi ti ń lọ. Ta ló yọ tàmósítáàtì mọ́tò yìí?"

Ẹ̀yin ará ilé, ojú tì mí níbẹ̀ bí n kò ṣe rò pé ó lè tì mí. Tàmósítáàtì ni irin kékeré kan tó máa ń dí ọ̀nà omi títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná, lẹ́yìn náà ni yóò ṣílẹ̀kùn fún omi láti lọ tutù ní rádíétọ̀. Lọ́dọ̀ wa, kò sí mọ́tò tí wọn kì í yọ ọ́ kúrò lára rẹ̀. A ní òyìnbó tí yìnyín ń pa ló nílò rẹ̀. Ilẹ̀ wa gbóná, kí ni èèyàn ń fi ohun tó ń dá omi dúró ṣe? Ọ̀sẹ̀ tí mo ra mọ́tò náà ni mo ní kí Súlè yọ ọ́. Súlè tiẹ̀ kọ́kọ́ ṣiyèméjì, èmi ni mo fi dandan lé e. Mo ti gba tísà mẹ́ta níyànjú pé kí wọ́n yọ tiwọn, mo sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún wọn pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lójú bọ́ọ̀dù.

Ọ̀gá Hùnsù kò bú mi. Wọ́n ṣàlàyé pé mọ́tò àtijọ́ lè fara dà á, ṣùgbọ́n irú tèmi ní kọ̀ǹpútà kékeré kan tó ń ṣọ́ ooru ẹ́ńjìnnì. Láàárọ̀ ọyẹ́, tí mo bá ń sáré, afẹ́fẹ́ á mú ẹ́ńjìnnì tutù kọjá ààlà. Kọ̀ǹpútà á rò pé mọ́tò ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni, á máa da epo sí i, nígbà tó bá sì pẹ́ tí kò gbóná, á tan iná. Wọ́n ní kì í ṣe pé mọ́tò ń ṣàìsàn. Òtútù ló ń mú un, ó sì ń sọ ọ́.

Mo pa dà sí ojú títì ní Òkókómáíkò láti ra òmíràn. Ọmọ Ìgbò kan ló ń ta ẹ̀yà mọ́tò níbẹ̀. Nígbà tí mo sọ ohun tí mò ń wá, ó dìde dúró. Ó ní láti ọdún mẹ́ta tóun ti kó páálí tàmósítáàtì wá, èmi ni ẹni àkọ́kọ́ tó bèèrè. Àwọn tó ń bọ̀ ni àwọn tó fẹ́ ta èyí tí wọ́n yọ. Ó fún mi ní tuntun ní àádọ́jọ náírà láìjẹ́ kí n nájà, ó sì sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ lédè Ìgbò ohun tó mú kí àwọn méjèèjì máa wò mí títí mo fi wọ mọ́tò.

Ọ̀gá Hùnsù kò fi í sínú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní tuntun náà lè parọ́, kí a dán an wò. Àgbàlá wa la lọ, wọ́n ní kí Ìyá bá wa gbé omi kaná. Wọ́n so irin náà mọ́ okùn, wọ́n sì rì í sínú ìkòkò. Àwọn ayálégbé yọjú. Ìyá ní láti ìgbà tí wọ́n ti wọ ilé ọkọ, wọ́n ti se oríṣiríṣi nǹkan níbi ààrò yẹn, ṣùgbọ́n wọn kò tíì se irin rí, ṣé kí àwọn fi iyọ̀ sí i? Nígbà tí omi hó, irin náà yanu díẹ̀díẹ̀. Ọ̀gá Hùnsù fà á jáde sínú afẹ́fẹ́, ó pa ẹnu dé. Wọ́n tún rì í, ó tún yanu. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, láìsí ẹni tó rán an.

Ìyá bèèrè ohun tó ń ṣe nínú mọ́tò. Mo ṣàlàyé. Wọ́n bi mí ta ló wá yọ ọ́ kúrò. Mo ní èmi ni, mo rò pé mò ń ran mọ́tò lọ́wọ́ ni. Ìyá wo irin náà, wọ́n ní, "O ò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó o tó yọ ọ́?" Mo rẹ́rìn-ín. Ìyá kò rẹ́rìn-ín. Kí oòrùn tó wọ̀, irin ti wà ní àyè rẹ̀, Ìyá sì ti wọlé lọ di ẹrù.

Ìdájí ọjọ́ kejì, a jáde. Ọyẹ́ mú ju ti àná lọ, inú mi sì dùn sí i bí mo ṣe ń gbọ̀n, nítorí irú àárọ̀ tí iná fẹ́ràn nìyẹn. Ìyá jókòó síwájú, wọ́n gbé báàgì lé itan. Wọn kò wo ọ̀nà rárá. Ojú wọn kò kúrò lára dáṣíbọ́ọ̀dù. A gba ọ̀nà Ìbà kọjá, iná kò tàn. A dé Ìyànà Ìbà, ibi tí a kò dé nígbà méjèèjì àkọ́kọ́, iná kò tàn. Mo tẹ mọ́tò lórí títì ńlá, afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́, kò sí nǹkan kan. Orin ti dé mi lẹ́nu. Ó kù díẹ̀ ká kọjá Òkókómáíkò, àwọn tó ń pe èrò Àgbádárìgì ti wà lójú iṣẹ́ wọn, nígbà tí Ìyá ní kí n dúró.

Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Mo rò pé wọ́n fẹ́ ra nǹkan ni.

"Àkànní, iná yẹn ò tàn," ni wọ́n wí.

"Kò lè tàn mọ́, Ìyá. Ó ti parí."

"Bó bá tàn ni, mi ò bá má sọ̀rọ̀." Wọ́n tún báàgì gbé lórí itan. "Mi ò fẹ́ lọ. Àtilẹ̀wá ni mi ò ti fẹ́ lọ. Iná yẹn ló ń bá mi sọ ọ́."

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò sọ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti ń pè wọ́n. Wọ́n ní, "Ìwọ àtìyàwó ẹ ń fi ìfẹ́ pè mí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ̀ ọ́? Bí mo bá ní mi ò wá, ayé á ní mo kórìíra ìyàwó ọmọ mi." Wọ́n wá sọ gbogbo rẹ̀. Nígbà Iléyá tí wọ́n lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ wa, wọ́n mú ìgbálẹ̀, ìyàwó mi gbà á lọ́wọ́ wọn. Wọ́n fẹ́ fọ abọ́, ó gbà á. Wọ́n fẹ́ ṣa ẹ̀wà, ó ní kí wọ́n lọ sinmi. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi jókòó bíi fọ́tò, tí gbogbo ẹni tó bá wọlé ń kí wọn, tó sì ń kọjá lọ. Ní Ìbà, bí wọn kò bá tètè jí, ayálégbé mẹ́rin ò ní mọ ẹni tó kàn láti gbálẹ̀. Wọ́n ní Hùnsù tí wọ́n rán mi sí pàápàá, wọ́n rò pé yóò gba mọ́tò náà lọ́wọ́ mi fún oṣù kan ni, àfi bí ó ṣe lọ parí iṣẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀.

Mo ní, "Ìyá, ẹ ṣubú. Bí ẹ bá tún ṣubú ńkọ́?"

"Mo ṣubú torí kò sóhun tí mo lè dì mú ní balùwẹ̀. Fi irin kan sára ògiri fún mi. Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn."

Inú mi bà jẹ́. N kò ní parọ́ fún yín. Mo jókòó síbẹ̀ tí àwọn tó ń pe èrò ń kan mọ́tò gbàgbà pé kí n kúrò lọ́nà, omi sì fẹ́ bọ́ lójú mi, èmi bàbá ọmọ mẹ́ta. Ìrìn àjò mẹ́ta, téèpù dúdú kan, mẹkáníìkì bí mẹ́rin, àti ìyàwó tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Irin tí kò gùn ju apá mi lọ ni wọ́n ń fẹ́. Mo yí mọ́tò pa dà.

Wẹ́dà kan ní Ìyànà Ìbà gé páìpù fún wa, ó tẹ̀ ẹ́ lórí méjèèjì. Ọ̀gá Hùnsù ló fi símẹ́ńtì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri balùwẹ̀, láàárín ìrun Àìlà àti Alásárì, wọn kò sì kánjú. Ìyá ní kí ẹnikẹ́ni má tíì fọwọ́ kàn án títí símẹ́ńtì yóò fi gan. A tún fohùn ṣọ̀kan pé ayálégbé tó bá kọ́kọ́ jí yóò máa kan ilẹ̀kùn wọn láàárọ̀. Ìyá gbà, ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹni tó bá kàn án kí ó tó tó àkókò yóò gbọ́ tiẹ̀.

Èmi nìkan ni mo gba ọ̀nà Agbára pa dà. Ìrọ̀lẹ́ ti tutù, mọ́tò ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, epo tó sì mu ní àbọ̀ kò tó ìdajì èyí tó mu ní àlọ. Ní Lúṣàdá, awakọ̀ kan na apá jáde, ó júwe kòtò tuntun fún mi. Mo na tèmi náà, mo dúpẹ́.

Ìyàwó mi ti wà lẹ́nu géètì. Ó wo àga iwájú, ó wo ẹ̀yìn mọ́tò. Ó ní ṣé iná tún tàn ni. Mo ní kò tàn. Ó ní Ìyá wá dà. Mo sọ ohun gbogbo fún un nílẹ̀ níbẹ̀, títí kan ti ìgbálẹ̀. Ó ní bí wọ́n ṣe tọ́ òun nìyẹn, pé ìyá ọkọ kì í mú ìgbálẹ̀ níwájú ìyàwó ọmọ rẹ̀. Mo ní mo mọ̀, kò sí ẹni tó ṣe burúkú nínú wa. Ó wọlé, mo sì gbọ́ tó ń ká bẹ́ẹ̀dì náà.

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ti yọ tàmósítáàtì mọ́tò rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ fi í pa dà. Ẹni tó ń tà á wà ní Òkókómáíkò, inú rẹ̀ yóò dùn láti rí yín. Ní tèmi, ohun tí mo bá bọ̀ kò le láti sọ, ó kàn nira láti gbé mì ni. Ọ̀gá Hùnsù bi mí ní ìbéèrè mẹ́wàá nípa mọ́tò kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Láti ogún ọdún ni èmi náà ti ń bi ọmọ ọlọ́mọ ní ìbéèrè nínú kíláàsì. Ìyá mi ni n kò bi.